Ta Ló Gbé Orúkọ Mi Síta Nítorí $25?

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Orí owó tí à ń dá fún àwọn tó ń du ipò ní Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn dá lé, pàápàá owó kékeré, irú $10 tàbí $20 tí ènìyàn máa ń fi ránṣẹ́ tí kì í sì í rántí mọ́. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi. Fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, mo ṣe igbákejì akápò fún ọkùnrin kan tó ń du ìjókòó ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ìjọba àpapọ̀. Ìbò kò gbè é. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ìwé owó rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè fojú kékeré wo $5 mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Maryland. Lọ́dún tó kọjá, mo fi $25 ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń du ipò sẹ́nétọ̀. Orí fóònù ni mo ti ṣe é, lásìkò tí mo ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ mi ni mo rí, ìlú tí mo ń gbé, ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àti $25, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Wọ́n sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju $200 lọ, orúkọ rẹ̀ kì í jáde. Ta ló tà mí?

ÌDÁHÙN: Ẹnikẹ́ni kò tà yín, nọ́ọ̀sì wa. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án yẹn. Ó dá mi lójú pé nígbà tí ẹ ń sanwó, àpótí kékeré kan wà lójú fóònù yín tí wọ́n ti bá yín fàmì sí, tó ní kí wọ́n máa yọ iye kan náà lóṣooṣù. Ojú ẹni tó ń kánjú jẹun kò ní rí i. Ní 2021, gbogbo kọmíṣọ́nnà FEC, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó owó ìbò ìjọba àpapọ̀, panu pọ̀ rọ Ilé Aṣòfin pé kí wọ́n fi òfin de irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró de òfin. Ẹ padà síbi tí ẹ ti sanwó, ẹ dá a dúró lónìí. Bí wọn kò bá dá a dúró, ẹ pe báńkì yín.

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án $25 jẹ́ $225. Ẹni tó sọ̀rọ̀ $200 fún yín kò purọ́: bí àpapọ̀ owó tí ẹnì kan fún olùdíje kò bá ju $200 lọ láàárín sáà ìbò kan, kò di dandan kí akápò olùdíje náà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó ń fi ránṣẹ́ sí FEC. Á kàn da gbogbo owó wẹ́wẹ́ pọ̀, á sì kọ iye tó jẹ́. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ ni òfin ń wò. Lọ́jọ́ tí ìkẹsàn-án wọlé ni ẹ ti kọjá ààlà.

Síbẹ̀, ká ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sanwó, orúkọ yín ì bá ṣì jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí, ó sì dùn mí pé wọn kì í kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìwé tí a ti ń sanwó. Ẹ kò fi owó yín lé olùdíje lọ́wọ́. Agbedeméjì lẹ fi lé lọ́wọ́, pé kó bá yín gbé e fún un. ActBlue, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ni àwọn ẹgbẹ́ Dẹmokráàtì ń lò jù. WinRed, tó dé ní 2019, ni ti àwọn Rìpọ́blíkà. Lójú òfin, ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti gbé e fún olùdíje gbọ́dọ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀: ta ló fún un, ta ló ń gbé e lọ fún, èló ni. Ọ̀rọ̀ $200 kò kan agbedeméjì. Ì báà jẹ́ $3, ì báà jẹ́ $1, á kọ ọ́, FEC á sì gbé e síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Mo mọ ìdí tí òfin náà fi rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan bá ń kó ṣéèkì àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, tó dì wọ́n pọ̀, tó gbé e lọ fún olùdíje kí olùdíje lè mọ ẹni tó kó o wá, ó yẹ kí aráàlú mọ̀ ọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣe é lásán. Àmọ́ òfin tí ó ń ṣọ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yìí náà ló wá ká nọ́ọ̀sì tó ń jẹun ọ̀sán mọ́. Òfin kò sì fi dandan béèrè ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí àpapọ̀ owó rẹ̀ kò ju $200 lọ. Àwọn tó ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn láti ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n má baà tún máa wá a kiri bí owó bá pọ̀ sí i.

Èyí tó ti jáde kò ṣeé pa rẹ́. Ẹ lè ní kí wọ́n dá owó padà, ṣùgbọ́n ìdápadà náà á tún wọ ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú tí ẹ kò fẹ́ kí orúkọ yín jáde, ẹ kọ ṣéèkì, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìpolongo rẹ̀ tààrà, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju $200 lọ ní sáà náà. Ẹ tún fi èyí tu ara nínú: òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti mú orúkọ yín nínú ìwé FEC kó wá fi tọrọ owó lọ́wọ́ yín tàbí kó fi polówó ọjà. Àwa akápò ní ọgbọ́n tí a fi ń mú ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin gbà wá láàyè láti ki orúkọ àfọwọ́dá, tí kò ju mẹ́wàá lọ, bọ inú ìròyìn kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi àkọsílẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí FEC ní ìkọ̀kọ̀. Bí lẹ́tà ìpolówó bá dé fún ẹni tí a kò bí, a ti mọ ibi tí wọ́n ti jí i.

Ohun tó wà lọ́kàn mi lórí ọ̀rọ̀ yín ni pé kíkọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí kíké síta. Alájọ kò gbọ́dọ̀ gba $1 láìfàmì sí káàdì. Ṣùgbọ́n alájọ wo ló ń dúró láàárín ọjà ka káàdì àwọn oníbàárà rẹ̀ sókè? Kí akápò mọ̀ yín, kí FEC lè yẹ̀ yín wò bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Kí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lè tẹ orúkọ yín kó mọ ẹni tí ẹ fún ní $25, n kò rí àǹfààní tí ìyẹn ń ṣe fún ìlú.

Kì í ṣe èmi nìkan ni ìbẹ̀rù yìí ń bà. Ìpínlẹ̀ Alabama fẹ́ gba orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní ìpínlẹ̀ náà. Ní 1958, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kọ̀ fún wọn, nítorí àwọn tí orúkọ wọn ti jáde ṣáájú ti rí i: wọ́n lé wọn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ wọn. Ní 1982, ilé-ẹjọ́ náà tún sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan ní Ohio, Socialist Workers, kò ní láti kéde orúkọ àwọn tó ń fún un lówó, nítorí ìyà tí wọ́n ń fi jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀rù tó bà yín nígbà tí ẹ rí orúkọ yín lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe àṣejù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olùdáhùn wa, mo kí yín láti Houston. Ogójì ni wá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Olùdíje kan wá kí wa ní ìpàdé, inú wa dùn sí i, olúkúlùkù sì dá $20. Ó di $800. Akápò wa rò pé kò bójú mu kí a kó owó wẹ́wẹ́ fún ènìyàn ńlá, ló bá kó o sí àkáǹtì ara rẹ̀, ó sì kọ ṣéèkì $800 ní orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ mi tó ń kọ́ òfin ní ẹ̀wọ̀n ni ìyẹn. Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí, n kò fẹ́ ìtìjú.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbójú fò ó. Ohun tí akápò yín ṣe lòdì sí òfin. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ gbé owó ẹlòmíràn fún olùdíje. Nínú ìwé, ẹnì kan ló fún un ní $800. Ní òtítọ́, ogójì ènìyàn ni. Orúkọ mọ́kàndínlógójì ti sọnù sínú ṣéèkì kan. Ní ti ẹ̀wọ̀n tí ọmọ yín sọ, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tí owó náà sì tó $2,000 nínú ọdún kan ni òfin ìpolongo yìí ń fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́. $800 kò dé ibẹ̀, ó sì hàn pé akápò yín kò mọ̀. Owó ìtanràn ṣì lè wà níbẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà sí akápò olùdíje náà lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Ẹ ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́, ẹ ní kó dá $800 padà. Láti ọjọ́ tó bá ti mọ̀ pé owó náà kò bófin mu, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní láti dá a padà, nítorí náà òun náà kò ní fẹ́ fi falẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó bá wù fún un lówó kọ ṣéèkì tirẹ̀. Ẹ má sì ní kí ẹgbẹ́ gbé e jáde látinú àkáǹtì ẹgbẹ́ o. Bí ẹ bá ti fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ (corporation), kódà èyí tí kì í pa èrè, kò lè fún olùdíje ìjọba àpapọ̀ ní kọ́bọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé owó wẹ́wẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Òfin ti pèsè àyè fún un. Bí a bá gbé igbá yípo nínú ìpàdé tí olúkúlùkù sì ju ohun tí kò ju $50 lọ sí i, akápò olùdíje lè kọ orúkọ ìpàdé náà, ọjọ́, àti àpapọ̀ iye tó wọlé, ó ti tó. Ìgbà tí owó ẹnì kan bá ju $50 lọ ni orúkọ àti àdírẹ́sì di dandan. Kò sí ẹni tó lè fún olùdíje ní ju $100 lọ ní owó ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. A gbé igbá yípo nínú gbọ̀ngàn kan lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí mo jókòó kà á, $613 ni, owó $1 àti $5 tó ti rún, àti $100 kan ṣoṣo tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n ká bí ẹni ká ewé. Mo béèrè kiri inú gbọ̀ngàn, kò sẹ́ni tó ní òun ló ni ín. Owó ọwọ́ tí a kò mọ ẹni tó ni ín kò gbọ́dọ̀ ju $50 lọ. Ohun tó bá lé, a kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ohunkóhun tó jẹ mọ́ ìbò ìjọba àpapọ̀. Olùdíje wa ní, "Ṣé nítorí $50 lo ṣe ń dá wa dúró?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. $563 la kó sí báńkì, a sì kó $50 tó kù fún àwọn tó ń pín oúnjẹ fún aláìní, mo gba rìsíìtì. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi fún ọjọ́ méjì. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, ohun tí màá ṣe kò ní yàtọ̀.

Bàbá, ohun kan ṣì ku tí lẹ́tà yín kò mẹ́nu bà: ṣé gbogbo ẹ̀yin ogójì ló ní green card tàbí ìwé ọmọ onílùú? Ẹ ka lẹ́tà tó tẹ̀ lé e yìí, kí ẹ sì lọ béèrè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Indiana, fíísà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wọlé. Mo fẹ́ fi $10 ran olùdíje kan lọ́wọ́. $10 kì í ṣe nǹkan, àbí?

ÌDÁHÙN: Má ṣe é, ọmọ mi. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí kò sì ní green card kò gbọ́dọ̀ fún olùdíje kankan lówó, ì báà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìlú. Kò sí iye tó kéré jù níbẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà nílé bá sì ní kí o bá òun fi ránṣẹ́ ní orúkọ rẹ, ìyẹn tún burú sí i. O lè fi ẹsẹ̀ rẹ rìn láti ojúlé dé ojúlé fún olùdíje náà láìgba owó, òfin fàyè gba ìyẹn; ṣùgbọ́n má ṣe bá wọn dá sí bí wọ́n ṣe máa ná owó wọn. Bí o bá gba green card lọ́jọ́ kan, kọ̀wé sí mi.

ÌBÉÈRÈ: Mo máa ń wa tasí ní Chicago, mo sì máa ń ka ìdáhùn yín. Ọ̀rọ̀ owó kékeré yìí ń bí mi nínú. Ta ni $20 lè rà? Àwọn olówó ńlá ń kó mílíọ̀nù wọlé, ẹ̀yin akápò sì ń béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì lọ́wọ́ awakọ̀. Kí wọ́n fi owó kékeré sílẹ̀ kó máa lọ láìsí ìwé kankan.

ÌDÁHÙN: Arákùnrin, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo gbà, mo sì gbà á tinútinú. Láti 2010 tí ilé-ẹjọ́ ti dá ẹjọ́ Citizens United, ẹgbẹ́ tí kì í pa èrè lè ná owó gọbọi láti ti olùdíje lẹ́yìn láìsọ ẹni tó fún un lówó, bí kò bá ti bá olùdíje náà pète rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fi mílíọ̀nù kan gba ọ̀nà ẹ̀yìn lè fara pamọ́, nọ́ọ̀sì tó fi $25 gba ọ̀nà iwájú ni orúkọ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí ló fi ń rìn, ẹsẹ̀ ló wà lókè.

Ṣùgbọ́n kí owó kékeré máa lọ láìsí ìwé? Rárá o. $20 yín kò lè ra ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní $180,000 tí òfin kò sì gbà láàyè ni yóò fẹ́ kí owó rẹ̀ dà bíi tiyín. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Gilbert Chagoury, olówó tí a bí ní Èkó, gbà láti san $1.8 mílíọ̀nù láti fi yanjú ẹ̀sùn kan. Láàárín 2012 sí 2016, nǹkan bíi $180,000 owó rẹ̀ ló dé ọwọ́ olùdíje mẹ́rin, tí ó gba ọwọ́ àwọn ènìyàn mìíràn kọjá bí ẹni pé owó tiwọn ni. Kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ àwọn tí owó gba ọwọ́ wọn kọjá bá wà nínú ìwé, a lè tọpa owó náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá mọ̀ pé ohun tí kò tó $200 kì í ní orúkọ rárá, yóò gé owó rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kò sì ní sẹ́ni tí yóò rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ tún wo ìlú New York. Níbẹ̀, ìjọba ìlú ń fi $8 kún $1 kọ̀ọ̀kan tí olùgbé ìlú bá fún olùdíje tó wà nínú ètò wọn. Fún ẹni tó ń du ipò olórí ìlú, $250 àkọ́kọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fún un ni wọ́n ń ṣe é fún. Ètò tó dára ni, nítorí ó ń mú kí olùdíje wá kan ilẹ̀kùn àwọn bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi orúkọ èké kọ $10 sílẹ̀, $80 owó aráàlú ló jí.

Ibi tí mo dúró sí nìyí. Òfin 1974 ní kí akápò kọ orúkọ ẹni tí owó rẹ̀ bá ju $10 lọ sílẹ̀, kó sì kéde ẹni tó bá ju $100 lọ. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wò ó ní 1976 nínú ẹjọ́ Buckley, ó rí i pé iye náà kéré púpọ̀, síbẹ̀ ó ní iṣẹ́ Ilé Aṣòfin ni láti mọ ibi tí ààlà yóò wà. Ní 1979, wọ́n sọ ọ́ di $50 àti $200. Láti ìgbà náà, $200 kò yẹsẹ̀. Owó tí ẹnì kan lè fún olùdíje, tó jẹ́ $1,000 nígbà náà, wọ́n ti ní kó máa tẹ̀ lé ọ̀wọ́n ọjà láti òfin 2002. Ó ti di $3,500 fún ìbò kọ̀ọ̀kan ní sáà 2025 sí 2026. Wọ́n sún ààlà olówó síwájú, wọ́n gbàgbé ti mẹ̀kúnnù. Ohun tí $200 lè rà ní 1979, ó lé ní $800 kí ènìyàn tó rà á lónìí. Kí wọ́n sún un dé ibẹ̀. Kí agbedeméjì máa fi orúkọ gbogbo owó kékeré ránṣẹ́ sí FEC bó ṣe ń ṣe, kí FEC sì máa tọ́jú rẹ̀, kó má gbé e sí gbangba títí àpapọ̀ ẹni náà yóò fi kọjá ààlà. Kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi mílíọ̀nù pamọ́.

Ìyá àgbà kan wà tó ń fi $5 ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù, nínú àpò ìwé, pẹ̀lú ìwé pélébé tó kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí nígbà gbogbo: "Ẹ má kọ orúkọ mi síta." Òfin kò ní kí n kọ ọ́ rárá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé wa, mo sì kọ ọjọ́ sí i, nítorí ẹnì kan lè wá béèrè lọ́jọ́ kan bóyá ìyá náà wà láyé lóòótọ́, mo sì fẹ́ lè sọ pé ó wà. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìròyìn kankan tí a fi ránṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni òfin ní kí a fi tọ́jú ìwé wọ̀nyẹn. Wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi tó ní kọ́kọ́rọ́; ó ku oṣù méje.